Bí Mo Ṣe Ń Ṣírò Àpapọ̀ Ọjà Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Ọdún

Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń ṣọ́ owó mi. Ẹ kọ oṣù sí abẹ́ lẹ́tà A, owó ọjà oṣù kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ lẹ́tà B, láti ìlà 2. Ní C2, ìyẹn àpótí tó wà lábẹ́ C ní ìlà 2, ẹ tẹ =SUM($B$2:B2), kí ẹ fà á dé C13, ìyẹn oṣù Kejìlá. Àmì $ yẹn ṣe pàtàkì gan-an: òun ló de B2 mọ́lẹ̀ kí ó má baà sún. Mo gbàgbé rẹ̀ lọ́dún kan, owó oṣù Kẹfà nìkan ló jáde níbi tó yẹ kí n ti rí ti oṣù mẹ́fà. Ó dùn mí, torí mo ti fi ṣètò ọjà tí mo fẹ́ rà. Bí ọdún bá yí, ẹ ṣí ṣíìtì tuntun, kí owó èṣí má baà dà mọ́ tọdún yìí.