Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ó Fẹ́ Dáàbò Bo Ẹja Salmon Ní Seattle

Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tuntun máa ń yọjú ní Seattle, ní Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n á dáwó jọ, tí wọ́n á sì sọ pé àwọn fẹ́ ran ìjọba ìlú lọ́wọ́ kí ẹja salmon má baà tán nínú odò wa. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni títún bèbè odò ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wo ibi tí owó wọn ń gbà ṣòfò. Ó ń dùn mí, nítorí pé ọkàn wọn mọ́, owó bẹ́ẹ̀ kì í sì í rọrùn láti tún rí. Mo gbà pé ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ̀ pé inú odò ni salmon ti ń jáde láti inú ẹyin, pé inú òkun ni ó ti ń dàgbà, àti pé odò tí ó ti jáde láti inú ẹyin ni ó máa ń padà sí láti yé ẹyin tirẹ̀. N kò ní tún ìyẹn sọ.

1. Ríra ọmọ ẹja láti dà sínú odò. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tuntun kọ́kọ́ máa ń bèèrè nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìtó ọmọ ẹja ni ó ń dà wá láàmú, ibi tí ẹja yóò gbé ni kò sí. Ẹ wo Landsburg lórí odò Cedar River, níbi tí Seattle ti ń fa omi mímu. Ìsédò tí ìlú fúnra rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹja fún nǹkan bí 100 ọdún. Ní 2003 ni ìlú ṣe ọ̀nà tí ẹja lè gbà kọjá, Chinook àti coho, tí wọ́n jẹ́ irú salmon méjì, sì fi ẹsẹ̀ ara wọn gba òkè odò lọ, láìsí ẹnikẹ́ni tí ó gbé wọn dà síbẹ̀. Irú salmon tí wọ́n ń pè ní sockeye nìkan ni wọn kò jẹ́ kí ó kọjá, nítorí pé ó máa ń pọ̀ jọjọ, òkú rẹ̀ lè ba omi mímu jẹ́. Bí ìlú ṣe ń ṣe ojúṣe rẹ̀ nìyẹn: ó ń ṣí ọ̀nà, ó sì ń ṣírò ohun tí ọ̀nà náà yóò fà.

2. Kíkó ìtì igi tí ó wó sínú odò kúrò kí odò lè “mọ́”. Abẹ́ ìtì igi yẹn ni ọmọ coho ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi í sílẹ̀.

3. Gbígbin igi sí bèbè odò nínú oṣù Kẹfà. Ẹ̀ẹ̀rùn ibí yìí yóò pa á. Láti ìparí ìwọ́wé, ìyẹn ìgbà tí ewé igi ń wọ́, títí di ìgbà òtútù ni kí ẹ gbin kédárì àti wílò yín.

4. Gbígbàgbé ojú títì. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ délẹ̀.

Nígbà tí òjò ìwọ́wé bá bẹ̀rẹ̀ ni coho máa ń wọ inú àwọn odò àárín ìlú. Ó ju ìdajì àwọn tí ó wọ irú odò bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Puget Sound, apá òkun tí Seattle wà létí rẹ̀, tí wọ́n ń kú kí wọ́n tó yé ẹyin. Mo ti dúró ní bèbè Longfellow Creek, odò kékeré kan ní Seattle, lẹ́yìn òjò ńlá, tí mo ń wo abo coho tí òòyì ń kọ́ lójú omi, tí ó ń la ẹnu, tí ó ń dẹ̀gbẹ́, títí ó fi kú. Nígbà tí àwọn tí ń ka òkú ẹja la ikùn rẹ̀, ẹyin kún inú rẹ̀ bámúbámú, kò tíì yé ẹyọ kan.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnikẹ́ni kò fi mọ ohun tí ó ń pa wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Washington ní Tacoma àti ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington ní Puyallup kéde pé táyà ọkọ̀ ni. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní 6PPD ni wọ́n ń fi sínú rọ́bà táyà kí ó má baà tètè sán. Nígbà tí kẹ́míkà náà bá pàdé ọ́sónì inú afẹ́fẹ́, yóò di 6PPD-quinone. Bí táyà ṣe ń jẹ ni ẹ̀rúnrún rẹ̀ ń dà sójú títì, òjò á gbá a lọ sínú gọ́tà, gọ́tà á sì dà á sódò. Láàárín wákàtí díẹ̀, coho ti kú. Ẹja chum, irú salmon mìíràn, kì í kú nínú omi kan náà, ìdí nìyí tí àwọn tí ó bá rí chum ní Piper's Creek, odò kékeré mìíràn ní Seattle, fi máa ń rò pé gbogbo nǹkan ti dára.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n ná gbogbo owó ìrànwọ́ tí wọ́n gbà sórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ìtì igi, kí coho lè rí ibi yé ẹyin sí, ní ìsàlẹ̀ ibi tí páìpù ńlá kan ti ń da àgbàrá títì márosẹ̀ sódò ní tààrà. A ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí páìpù yẹn. Wọ́n ní páìpù kò ṣeé yà ní fọ́tò fún àwọn tí ó dáwó. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́ nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, coho wọlé, wọ́n sì kú sórí òkúta tí a fi owó rà.

Ohun tí ó sì ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Omi títì tí ó bá kọ́kọ́ gba inú yanrìn àti ajílẹ̀ kọjá kì í pa coho mọ́. Wọ́n ti dán an wò ní Puyallup, ẹja inú omi tí a sẹ́ yè, èyí tí ó wà nínú omi tí a kò sẹ́ kú. Ní 2001, ìlú Seattle tún apá kan òpópónà 2nd Avenue NW ṣe: wọ́n dín ọ̀dà tí a tẹ́ sójú títì kù, wọ́n sì gbẹ́ kòtò gbọọrọ tí koríko àti igi kún inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ju ìdá 95 nínú 100 àgbàrá tí ó ń ti ibẹ̀ ṣàn tẹ́lẹ̀ tí ilẹ̀ wá ń mu. Ìlú ni ó ni títì, ìlú ni ó ni gọ́tà, ìlú náà ni ó sì ń gba owó àgbàrá lọ́wọ́ onílé. Bí ẹ bá ní ohùn kan ṣoṣo tí ẹ lè lò níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, orí gọ́tà tí ó dojú kọ odò ni kí ẹ lò ó lé.

Lórí ọ̀rọ̀ òjò náà, kí ẹ tó sanwó fún ọgbà tí ń mu omi òjò tàbí àmù ńlá lábẹ́ òrùlé, ẹ bèèrè bóyá ilé yín wà ní agbègbè tí ètò RainWise, tí ìlú àti ìjọba àgbègbè King County jọ ń fi dá owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà, fọwọ́ sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní rí owó kankan gbà padà.

Fífọ ọkọ̀ lójú títì: ní apá púpọ̀ nínú ìlú, gọ́tà ojú títì kò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún omi ṣe, odò ni ó ń dà sí. Ẹ lọ fọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀.

Àwọn tí ilé wọn wà létí omi pẹ̀lú ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n á kan pákó pa pọ̀ gírígírí ṣe èbúté, òkùnkùn á sì bo abẹ́ rẹ̀. Ọmọ Chinook kì í fẹ́ wọ inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Yóò yà sí ibú, níbi tí àwọn ẹja ńlá ti ń dúró dè é. Nígbà tí Seattle tún ògiri etíkun Elliott Bay kọ́, tí iṣẹ́ parí ní 2017, gíláàsì ni wọ́n tò sínú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ òkè rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ojú omi, wọ́n sì mú kí ara ògiri náà rí págunpàgun kí ohun tí ọmọ ẹja ń jẹ lè rí ibi dì mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kan èbúté lónìí, kí ó lo irin oníhò tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá.

Ẹ má sì ṣe kọ ètò kankan láìkọ́kọ́ lọ bá àwọn onílẹ̀ àbáláyé, bí ẹ̀yà Muckleshoot àti Suquamish. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan. Àdéhùn Point Elliott tí wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 1855 fi ẹ̀tọ́ ẹja pípa sílẹ̀ fún wọn, Adájọ́ George Boldt sì dá a lẹ́jọ́ ní 1974 pé ìdajì ẹja tí ó bá ṣeé pa jẹ́ tiwọn, àti pé àwọn àti ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò jọ máa ṣàkóso rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹja tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ mọ odò wọ̀nyí ju ọ̀pọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ẹ óò sanwó fún lọ.

Paríparí rẹ̀ ni ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ èyíkéyìí nínú odò nílò àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Washington tí ń rí sí ẹja àti ẹran ìgbẹ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹyin kò sí nínú òkúta sì ni wọ́n sábà máa ń fún yín láyè láti wọ inú omi. Ẹni tí ó bá di oṣù Kẹfà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé yóò san owó ibi ìkẹ́rùsí fún ìtì igi rẹ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀.