Bí ajá mi kékeré ṣe fara balẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ọjọ́ kejì tí wọ́n yọ ilé ọmọ ajá mi, ó ti ń fò sórí àga, ó sì ń lá ojú abẹ. Dókítà ẹranko sì ti ní kó má sáré rárá fún ọjọ́ 10 sí 14! Mo so ó, ó ń fa okùn. Mo tì í mọ́ yàrá, ó gbó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tó yá, mo gbé kéèjì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, mo tẹ́ ìró mi tí mi ò tíì fọ̀ sínú rẹ̀ (òórùn mi ló ń wá). Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọ ọwọ́ fún un kó má baà lá egbò. Mo wá ká ẹran sísè wẹ́wẹ́ sínú tówẹ̀lì. Kó tó tú u tán, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sùn. Tó bá fẹ́ tọ̀, mo máa ń gbé e jáde tòun ti okùn. Tèmi nìyẹn o. Ajá ẹlòmíràn lè nílò oògùn látọwọ́ dókítà.