Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Epo Alùpùpù Ti Ń Jò, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Nílé

Bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí òórùn epo gba imú yín, tí ilẹ̀ abẹ́ alùpùpù sì ti rin, sípánà ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Wọ́n ní kí amúkùn-ún wò ó, ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ epo tó ń jò jẹ́ òdìkejì èyí: ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa máa ń wò, òkè sì ni àìsàn wà. Epo á yọ lábẹ́ táńkì, á gba ara rọ́bà sọ̀ kalẹ̀, á yí kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) ká, á wá máa kán láti orí bóòtù kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń dí àárín irin méjì kí epo má baà jò, lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i pé táàpù epo tó wà lókè ni ó ń sunkún.

Alùpùpù tó ń lo kábúrétọ̀ ni mo ń bá wí o. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí pọ́ǹpù oníná ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára tó ń ti epo inú rọ́bà rẹ̀ lè tó 250 sí 300 kPa. Ẹni tó bá tú rọ́bà bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ dín agbára rẹ̀ kù, ojú rẹ̀ ni epo yóò fọ́n sí. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e fún.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Epo pẹtiróòlù kì í dúró de oòrùn kó tó yọ oru. Kódà níbi tí omi ti ń di yìnyín, oru tó lè gbiná ṣì ń jáde lára rẹ̀. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń rá gbà bí ejò, títí á fi dé ìdí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ tó wà lókèèrè tí ẹ kò tilẹ̀ rántí. Ẹ gbé alùpùpù síta gbangba. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Ẹ tú wáyà orí bátìrì, ti òdì, èyí tó ní àmì −, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi ríran, kì í ṣe àbẹ́là, kì í ṣe fìtílà.

Ẹ gbé ohun tí a fi ń paná sí tòsí, irú èyí tó ní lúbúlúbú nínú, tàbí korobá yanrìn gbígbẹ. Kì í ṣe omi: epo á léfòó lórí omi, iná á sì bá a rìn lọ sí ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí mo rí tí àwọn ènìyàn ń ṣe, tó máa ń bí mi nínú: kí wọ́n fi ẹnu fa epo látinú táńkì. Ẹ̀kán díẹ̀ tó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn.

Wíwá ojú ibi tó ń jò

Ẹ pa táàpù epo sí OFF. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo abẹ́ táńkì, rọ́bà, kábúrétọ̀ àti orí ẹ́ńjìnnì títí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan. Ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bó bá ṣì ń kán nígbà tí táàpù wà ní OFF, táńkì tàbí táàpù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú. Bí kò bá kán, ẹ ṣí táàpù sí ON, kí ẹ sì máa wò ó látòkè wá sílẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tó bá rin lókè pátápátá ni olè wà. Gbogbo ibi tó kù nísàlẹ̀ kàn gba ẹrù olè ni.

Bí ìjò náà kò bá yára, ẹ bu pọ́dà díẹ̀ sí àwọn ibi tí ẹ fura sí. Epo á fi ojú ọ̀nà tó gbà hàn nínú pọ́dà náà. Ẹ tún wo àwọn ibi tí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ra tó sì ní àwọ̀ bíi ti tíì: epo ti ń gba ibẹ̀ ó ti pẹ́.

Rọ́bà, táàpù àti táńkì

Rọ́bà ló rọrùn jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, pàápàá ní ẹnu méjèèjì níbi tí kílíìpù wà. Bó bá ti le bí igi, tàbí tó fọ́ wẹ́wẹ́ lára bíi gìgísẹ̀ tó sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ló sán tó sì gùn tó, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Rọ́bà epo gan-an ni kí ẹ rà, kí fífẹ̀ inú rẹ̀ sì bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Rọ́bà omi tó mọ́ gaara yẹn dára lójú, àmọ́ kò ní pẹ́ tí epo á fi sọ ọ́ di líle, á sì bọ́ lẹ́nu lójú títì.

Bó bá jẹ́ táàpù, ẹ kọ́kọ́ tú epo inú táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì tí a ṣe fún epo. Bóòtù méjì tàbí nọ́ọ̀tì ńlá kan ló máa ń di táàpù mọ́ táńkì, òrùka rọ́bà kan sì wà láàárín wọn. Òrùka yẹn ni ó sábà máa ń kú. Ẹ fi tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu sí i, kí ẹ sì fọ asẹ́ kékeré tó yọ sókè lórí táàpù náà. Àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù lẹ̀ ẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Epo á wú gọ́ọ̀mù yẹn, á já a ní wóró wóró, ẹ ó sì bá àwọn wóró náà nínú kábúrétọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Táńkì tó ti dípẹtà ló nira. Bó bá lu ihò bíńtín lójú ọ̀nà, ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ ra ibẹ̀ dáadáa. Epo kì í yọ́ ọṣẹ, nítorí náà yóò mú yín délé. Nílé, ẹ da epo inú rẹ̀ nù tán sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi sáńpépà ha ibẹ̀ títí irin fi máa dán, kí ẹ po gọ́ọ̀mù epoxy alápá méjì tí epo kì í jẹ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 24 kí ẹ tó da epo padà. Èyí jẹ́ àtúnṣe ìgbà díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé táńkì ti ṣófo, kí wọ́n kàn jó o ní wẹ́dà. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí oru epo àti afẹ́fẹ́ ti pàdé nínú rẹ̀, iná nìkan ni wọ́n ń retí.

Nígbà tí kábúrétọ̀ bá ń da epo nù

Èyí ló máa ń dààmú àwọn ènìyàn jù: epo á máa ṣàn látinú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ kábúrétọ̀. Wọ́n á wá dí rọ́bà náà pa. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Rọ́bà yẹn kò bàjẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ó ń kígbe pé epo inú kábúrétọ̀ ti kọjá ààlà, kó má baà ya lọ sínú ẹ́ńjìnnì.

Ìkòkò kékeré kan wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ tí epo ń dé sí, fílóòtì sì ń léfòó nínú rẹ̀. Bí epo bá ń kún, fílóòtì á gòkè, á ti abẹ́rẹ́ kan sókè, abẹ́rẹ́ á dí ihò tí epo ń gbà wọlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá mu nínú epo náà, fílóòtì á sọ̀ kalẹ̀, ihò á ṣí. Ẹni tó bá ti wo inú ojò omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbàlódé rí ti mọ̀ ọ́n tán. Bí epo kò bá wá dáwọ́ dúró, ìdọ̀tí ti há sẹ́nu abẹ́rẹ́ ni, tàbí ẹnu abẹ́rẹ́ ti jẹ, tàbí fílóòtì ti lu tó sì ti mu epo yó, tàbí ahọ́n rẹ̀ ti wọ́.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ṣí táàpù, kí ẹ fi ìdí súkúrúdíráfà kan ìkòkò náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdọ̀tí tó há máa ń já bọ́ nígbà mìíràn, epo á sì dúró. Bó bá dúró, ẹ má yọ̀ jù: ibi tí ìdọ̀tí yẹn ti wá ṣì wà nínú táńkì.

Bí kò bá dúró, ẹ pa táàpù, ẹ tú súkúrúù ìsàlẹ̀ ìkòkò náà díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí epo rẹ̀ ṣàn sínú ìgò tó mọ́ gaara. Ẹ wò ó. Bó bá pọ́n bí ilẹ̀, ìpẹtà táńkì ni. Bí ẹ bá rí nǹkan tó ń yí kiri nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, omi ni.

Ẹ ya fọ́tò kábúrétọ̀ kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì ní àwo kan tí ẹ ó máa kó súkúrúù sí. Lórí alùpùpù tí a ṣe ní ìlànà Japan, orí súkúrúù jọ oníàgbélébùú tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó sábà máa ń ní àmì tóótó kan lórí. Súkúrúdíráfà tí kò bá a mu á jẹ orí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì fi wákàtí méjì jẹ̀bi. Ẹ wá èyí tó wọ̀ ọ́ tímọ́tímọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó yí i.

Bí ìkòkò bá ti ṣí, ẹ rọra ti ìṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di fílóòtì mú jáde. Òpó tó gbé e dúró tètè ń kán, ẹ má fipá. Fílóòtì àti abẹ́rẹ́ á jọ jáde. Ẹ mi fílóòtì létí: bí ẹ bá gbọ́ pé epo ń mì nínú rẹ̀, ó ti lu. Ẹ wo ẹnu abẹ́rẹ́ lójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ilà tó yí i ká bí òrùka, ó ti jẹ, tuntun ni kí ẹ rà. Bó bá dára, ẹ fi òwú tí a rẹ sínú òògùn ìfọ kábúrétọ̀ nu ihò tó ń dí. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo rọ́bà àti gáskẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọ́n òògùn náà, nítorí ó ń wú wọn, kí ẹ sì fi awò bojú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà, ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara sí ẹnu ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ gbé e dúró gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ṣí táàpù àti súkúrúù náà. Bí epo bá ṣe ga tó nínú rọ́bà ni ó ṣe ga tó nínú ìkòkò. Lọ́pọ̀ alùpùpù, kò yẹ kó kọjá ojú ibi tí ìkòkò ti pàdé ara kábúrétọ̀. Ìwé alùpùpù yín á sọ iye mìlímítà gan-an.

Kí ẹ tó ta kíìkì, ẹ wo ọ́ìlì. Bó bá ti ga ju bó ṣe wà lọ, tó sì ń rùn bí epo, epo ti ya wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ da ọ́ìlì náà nù, kí ẹ fi tuntun sí i. Ọ́ìlì tí epo ti fọ̀ kò lè gba irin lọ́wọ́ irin mọ́.

Bí kò bá jò mọ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, òun ló máa ń ròyìn inú. Bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tó gbẹ, àlàáfíà ni. Dúdú bí èédú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Funfun bí eérú, afẹ́fẹ́ ló pọ̀. Bó bá rin pẹ̀lú ọ́ìlì, ríìngì tàbí rọ́bà fáàfù ti gbó, iṣẹ́ yẹn sì kọjá ìta ilé. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.6 sí 0.8 mm. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i dé ibi tó lè dé. Púlọ́ọ̀gì tuntun tó ní òrùka lọ́rùn, ẹ fi sípánà fi ìdajì yíyí kún un. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ aago kúrò lórí 12 bọ́ sórí 1 ti tó.

Bó bá jẹ́ pé ṣóòkù (èyí tí a ń fà kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè tètè jí) nìkan ló ń gbé e dúró, tí ẹ bá dá ṣóòkù padà tó kú, jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tóóró tí epo ń gbà kọjá, ti dí. Ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Òògùn ìfọ̀ àti afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù ni kí ẹ fi ṣí i. Ẹ má ki wáyà irin bọ̀ ọ́, nítorí idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, irin á fẹ ihò náà, alùpùpù á sì di ọ̀mu-epo títí ayé.

Bó bá rìn dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan tó wá kú, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bí ẹ bá gbọ́ fíìì, tó sì jí padà, ihò afẹ́fẹ́ ìdérí ló dí. Àwọn kan ti tú odindi ẹ́ńjìnnì nítorí èyí.

Bí ẹ bá dá ọwọ́ tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo padà, tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń han gooro, ẹ wo rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé ṣe kó ti sán. Èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò dáwọ́ dúró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Bó bá ń kan gbà-gbà nínú, ẹ pa á, ẹ má ta á mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ pa táàpù, kí ẹ tẹ́ páálí tuntun sábẹ́ alùpùpù náà níta. Láàárọ̀, páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wá kọ́kọ́rọ́.