Màlúù mi ń rù nínú ẹ̀ẹ̀rùn: ohun tó bá mi ṣiṣẹ́ rèé

Oṣù kìíní ni mo kíyè sí i. Koríko gbígbẹ kún ilẹ̀ ní Ṣakí níbí, síbẹ̀ màlúù mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rù, egungun ìhà wọn ṣeé kà. Ìgbẹ́ wọn le bí òkúta. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó pé amúaradàgbà ni wọn ò rí jẹ tó.

Mo kó koríko sí i, wọn ò jẹ ẹ́ tán. Mo ra kánún, wọ́n lá a lásán. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ńkọ́? Wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò sanra, torí amúaradàgbà inú rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni èérí ẹkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀ tán, kílò kan fún màlúù kan láràárọ̀, pẹ̀lú ewé agunmániyè (igi gliricidia). Ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gé ewé náà kó lè rọ di àárọ̀, torí òórùn rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tútù ń lé wọn sá. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń fi kún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn wọn nílò amúaradàgbà yẹn kí koríko gbígbẹ tó lè dà.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ìgbẹ́ wọn rọ̀, wọ́n sì padà sídìí koríko tí wọ́n ti kọ̀. Èmi ti fún tèmi lóògùn aràn ṣáájú o. Èyí tí aràn ń bá jà lè má rí bẹ́ẹ̀.