Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn páswọ́ọ̀dù sáfà mi pẹ̀lú etí nìkan

Mi ò ríran, etí ni mo fi ń lo kọ̀ǹpútà. NVDA ló ń ka ojú rẹ̀ fún mi lórí Windows, ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń fi ssh (ohun tá a fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì láti ọ̀nà jíjìn) wọ sáfà mi tó ń lo Debian 12, irú Linux kan. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò pọ̀: kẹ́nikẹ́ni má lè fi páswọ́ọ̀dù wọlé mọ́, kó jẹ́ key nìkan, ìyẹn fáìlì méjì tó bára mu, ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ mi, ìkejì á wà lórí sáfà.

Ti key ò le. Mo tẹ ssh-keygen -t ed25519, mo fi passphrase, ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń dáàbò bo key, sí i (tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ má dààmú, ó ń wọlé), mo wá kó èyí tó parí sí .pub sínú authorized_keys, fáìlì tí sáfà fi ń mọ key tó máa gbà, lórí sáfà. Ìlà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tó bá já sí méjì ó ti bà jẹ́ nìyẹn, ojú á tètè rí i àmọ́ etí lè má mọ̀, torí náà wc -l ni mo fi kà á, ó ní 1, ọkàn mi balẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni sshd_config, fáìlì ètò ssh lórí sáfà. Mo fi nano, ohun tá a fi ń tún fáìlì kọ, ṣí i, mo wá PasswordAuthentication, mo gbọ́ ọ pé yes ló wà níwájú ẹ̀, mo yí i sí no, mo tún ssh bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí wíndò kejì láti dán an wò (ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ti ti àkọ́kọ́ o, tí nǹkan bá yíwọ́ òun lẹ máa fi tún un ṣe), mo tẹ ssh -o PubkeyAuthentication=no kó má bàa lo key, ó ṣì ń bi mí ní páswọ́ọ̀dù! Mo ka ìlà yẹn bí ìgbà mẹ́wàá, no ni mo ń gbọ́ ṣáá.

Ìgbà tó yá ni mo bá fi numpad (àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù) kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, 3 fún èyí tó kàn, 1 fún èyí tó kọjá. Kí n tó dé P, mo bá # níbẹ̀. Gbogbo ìlà tí # bá ṣáájú, sáfà ò kà á sí rárá. Èmi ni mo ti ní kí NVDA má sọ àmì kankan mọ́ torí ariwo ẹ̀ pọ̀, bó ṣe fò ó nìyẹn.

Wọ́n máa ń gbà wá níyànjú ká dín kíka àmì kù kí ọ̀rọ̀ lè yá. Fún lẹ́tà àti ìwé, ó dáa. Nínú tẹ́mínà, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mi ò gbà, àmì gan-an lọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ti ṣe profile (ètò NVDA) ọ̀tọ̀ fún tẹ́mínà báyìí, gbogbo àmì ló ń sọ, tí mo bá kúrò níbẹ̀ á dákẹ́ padà.

Mo pa # yẹn rẹ́, mo tẹ sudo sshd -t, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn ni pé kò sí àṣìṣe. Mo ní kí ssh tún fáìlì ẹ̀ kà. Mi ò ṣí nano mọ́ láti wò ó, sudo sshd -T | grep passwordauth ni mo tẹ̀, ohun tí sáfà ń lò gan-an ló máa sọ, ìlà kan péré: passwordauthentication no.

Mo padà sí wíndò kejì, mo tún dán an wò láìlo key. NVDA kà á jáde: Permission denied, publickey.