Másítà kí ọmọ tó di dókítà: ìgbà tó lérè àti ìgbà tó jẹ́ owó ṣòfò

Kí ẹ tó máa tú owó jọ, kí ẹ tó gbé ilẹ̀ Odogunyàn síta fún títà, ẹ kọ ohun kan sínú ìwé: orílẹ̀-èdè wo ni ọmọ yìí ti fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà? Másítà kan náà tó lè ṣílẹ̀kùn fún un ní Amẹ́ríkà kò ní ohun tó máa ṣe fún un ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹjà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìkòròdú ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan ní Houston ṣe másítà kó tó wọlé ìṣègùn, wọ́n wá ní kí ọmọ tiwọn tó ka Microbiology lọ ṣe MSc.

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í béèrè másítà. UTME ń gbéni wọ kíláàsì àkọ́kọ́, ọdún mẹ́fà sì ni. Direct Entry ń gbéni wọ 200 level, ọdún márùn-ún. BSc ni Direct Entry ń wò, pẹ̀lú irú kíláàsì tí ọmọ náà fi jáde. MSc kì í sọ second class lower di upper. Ohun mìíràn tí MSc kò lè wò sàn ni èsì WAEC. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń fẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics, ọ̀pọ̀ ilé ìwé sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo. Bí Physics bá jẹ́ D7, ẹ jẹ́ kó tún gbogbo márààrún jókòó nínú WAEC tàbí NECO ti oṣù kọkànlá. Owó fọ́ọ̀mù yẹn kéré púpọ̀ sí owó MSc, òun gan-an ló sì ń tọ́jú ibi tó ń dun ọmọ náà.

Direct Entry dín ọdún kan kù lóòótọ́, àmọ́ àyè rẹ̀ há. MDCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń dá iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, àwọn tó gba UTME wọlé ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Torí náà, kí gírádúéètì tún UTME ṣe kì í ṣe ìtìjú rárá. Ẹ lọ wo IBASS, ìwé ìtọ́nisọ́nà ìgbàwọlé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì JAMB, kí ẹ ka ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè lábẹ́ Medicine, torí wọn kò rí bákan náà. Ẹ wo OOU, tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù lẹ́bàá wa níbí, kí ẹ wo LASU, tí tirẹ̀ wà ní Ìkẹjà. Ẹ tẹ ojú ewé náà síta, kí ẹ mú un dání lọ sí ọ́fíìsì admission.

Ẹ tún ṣírò ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó bá gba Direct Entry wọlé lọ́dún yìí, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró, á parí lọ́dún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, á sì parí house job, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan ní ọsibítù, lọ́gbọ̀n ọdún. Bó bá ti sin ìlú tẹ́lẹ̀, kò tún NYSC ṣe mọ́. Ẹ fi MSc ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, ó di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, a ò sì tíì ka ti súpáfáísọ̀ tó gbé ìwé ìwádìí ọmọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí MSc Anatomy tàbí Physiology yẹ ni ẹni tó wù ú láti di olùkọ́ ní yunifásítì, tí inú rẹ̀ á ṣì dùn sí i bí ìṣègùn kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gùn. Níbẹ̀, oríṣi másítà kan wà tí wọ́n ń pè ní special master's. Ọdún kan ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ló wà fún, kó lè fi hàn pé òun lè kojú kọ́ọ̀sì ìṣègùn. Owó ilé ìwé nìkan sábà máa ń wà láàárín 30,000 sí 60,000 dọ́là, láìka ilé gbígbé àti oúnjẹ.

Ìwé ìgbélùú ọmọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tàbí green card, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀ kò ní gbà á rárá. Nínú àwọn tó ń gba àjèjì, àwọn kan máa ń ní kí owó ọdún kan títí dé mẹ́rin ti wà nílẹ̀ kó tó wọlé. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ kírẹ́díìtì (yúníìtì kọ́ọ̀sì) tó tó 90 láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Másítà ọdún kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 30. Nítorí náà, BSc Nàìjíríà pẹ̀lú special master's lè tán owó ìdílé kan pátá, kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ó dùn wá láti sọ ọ́, àmọ́ ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó.

Bí ọmọ bá ní ìwé, tó sì gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹ wá ibi tí wàhálà ti wá. Ojú GPA (ìpíndọ́gba máàkì, 4.0 ni òkè rẹ̀) méjì ni AMCAS, ilé iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, máa ń fi wo ọmọ: ti oyè àkọ́kọ́ lọ́tọ̀, ti másítà lọ́tọ̀. Másítà kì í gbé ti àkọ́kọ́ sókè. Ká ní ó ní 2.9 lórí kírẹ́díìtì 120. Bó bá ka kírẹ́díìtì 30 kún un ní ìpele oyè àkọ́kọ́, tó gba A nínú gbogbo rẹ̀, á di 3.12, 45 ló máa gbé e dé 3.2. Bó bá jẹ́ másítà ló fi 30 yẹn kà, 2.9 á wà níbẹ̀ bó ṣe wà, 4.0 á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò tíì dé 3.0 fi yẹ kó kọ́kọ́ lọ ka kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì ní ìpele oyè àkọ́kọ́.

Ẹni tí másítà yìí bá lára mu ni ẹni tí GPA rẹ̀ wà láàárín 3.0 sí 3.4, tí MCAT rẹ̀, ìdánwò ìwọlé ìṣègùn, sì ti dára. 472 ni MCAT ti bẹ̀rẹ̀, 528 ló parí sí; àwọn tó ń wọlé sí MD, oyè dókítà ibẹ̀, máa ń ní nǹkan bíi 511 sí 512 ní ìpíndọ́gba. Bó bá ní 3.7 àmọ́ tí MCAT rẹ̀ jẹ́ 500, másítà kò kàn án: oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kíkàwé fún MCAT ló nílò. Bí méjèèjì bá dára, tí kò tíì bá aláìsàn jókòó rí, kó lọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù.

Ẹ̀rù ibẹ̀ rèé: másítà yìí kò ní àtúnṣe. Kọ́ọ̀sì ìṣègùn gan-an ni wọ́n fi ń dán ọmọ wò, ẹni tó bá wá ń kó B níbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn ní ìdí láti kọ̀ ọ́. Bí ohun tó fà á tó fi gba C tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà, iṣẹ́ alẹ́, àìsàn, àìmọ ìwé kà, ẹ yanjú ìyẹn ná.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá náà ti yí padà. Láti July 1, 2026, ìjọba Amẹ́ríkà kò ní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó ní Grad PLUS, owó yíyá ìjọba fún ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́, mọ́, 20,500 dọ́là lọ́dún ni másítà sì lè gbà. Bí owó ilé ìwé bá jẹ́ 50,000, 29,500 ṣẹ́ kù tí ẹ máa wá sí báǹkì aládàáni, báǹkì á sì fẹ́ oníduro tó ní ìwé ibẹ̀. Àǹtí tó wà ní Houston ni wọ́n máa ń sáré bá. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé bí ọmọ kò bá lè san án, ọrùn òun ló ń bọ̀.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK) kò gùn. Graduate entry, ìṣègùn fún ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀, 2:1 (second class upper) ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Àwọn ilé ìwé kan ń gba 2:2 (second class lower) tí másítà bá wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló sì ti wúlò. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba àjèjì, torí kì í ṣe gbogbo wọn. October 15 ni UCAS, tó ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì ibẹ̀, máa ń ti fọ́ọ̀mù ìṣègùn.

Bí ẹ bá ti yan ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, ẹ fi ímeèlì béèrè nǹkan wọ̀nyí. Ṣé kíláàsì kan náà ni wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ìdánwò kan náà? Ṣé wọ́n ṣèlérí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwọn, GPA àti MCAT wo ló sì so mọ́ ọn? Ẹni mélòó ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mélòó ló parí, mélòó nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ló wọlé ìṣègùn? Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó parí nìkan, ẹ tún béèrè. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa àsìkò pẹ̀lú: May ni fọ́ọ̀mù AMCAS máa ń jáde fún ìwọlé ọdún tó ń bọ̀, èsì sáà àkọ́kọ́ másítà kì í sì í jáde ṣáájú December. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo èsì rẹ̀ á fi ọdún kan dúró, owó ilé àti oúnjẹ ọdún yẹn sì wà nínú ìṣirò. Ẹ má san owó tí wọ́n fi ń di àyè mú títí ìdáhùn yóò fi dé lórí ìwé; owó yẹn kì í sábà padà.