Bí Jẹ́lé-ó-sinmi Yóò Ṣe Mọ́ Ọmọ Yín Lára

Jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pe ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, orúkọ náà sì ń sọ ti àwọn tó kù sílé ju ti ọmọ tí a mú lọ. Ilé sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì lo ọ̀sán kan rí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ kò lè mọ̀ pé ìyá òun ń padà bọ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín dá lórí bí ọmọ náà yóò ṣe mọ̀ ọ́n, tí yóò sì dá a lójú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Láti bí oṣù 6 sí 8 ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ìyá rẹ̀ bá kúrò lójú rẹ̀. Ẹkún náà máa ń le jù láàárín oṣù 10 sí 18, a sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń sún mọ́ ọdún 3. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ọmọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ń gba ọ̀sẹ̀ 16, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń wọ ilé ìtọ́jú ọmọ kí ẹkún yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọmọ oṣù 3 tàbí 4 kì í sábà kọ ẹni tó gbé e; oorun àti wàrà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá lè yan àkókò, kí ó yẹra fún oṣù 10 sí 18. Ẹni tí kò bá lè yàn án, kí ó fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún ìmúrasílẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ mú un lọ, nítorí àdánù méjì ni yóò kà á sí.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí aládùúgbò tí ó mọ̀ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà fún wákàtí méjì, kí ó lè rí i pé ẹni tó jáde máa ń wọlé padà. Ẹ lọ wo jẹ́lé-ó-sinmi náà nígbà tí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ béèrè olùtọ́jú kan pàtó tí yóò máa gba ọmọ yín láàárọ̀, nítorí ojú kan ṣoṣo ni ọmọ lè tètè mọ̀. Ẹ jókòó ti olùtọ́jú náà, kí ẹ sọ ìwà ọmọ fún un: bí ó ṣe ń pe omi, ohun tí ó máa ń ṣe bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, bóyá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n kí ó tó sùn. Bí Yorùbá nìkan ni ọmọ gbọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí yóò dá wà láàárín èrò. Ẹ sọ oríkì rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú. Mo ti rí ọmọ tó ń ké kíkankíkan, tí ó dákẹ́ nígbà tí olùtọ́jú pè é ní Àjàní bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.

Ní Jámánì, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ ń tẹ̀lé: fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, òbí yóò bá ọmọ jókòó níbẹ̀ fún bí wákàtí kan, kò sì ní fi í sílẹ̀ rárá, ọjọ́ kẹrin ni yóò tó gbìyànjú láti jáde fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè má gbà fún ìyá láti ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bàbá tàbí ìyá àgbà lè ṣe é, ọjọ́ méjì péré sì sàn ju òdo lọ. Kí ẹni náà jókòó sí igun kan, kí ó jẹ́ kí ọmọ rìn lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì padà wá fọwọ́ kan òun nígbà tó bá fẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà títí yóò fi jẹun, lẹ́yìn náà títí yóò fi sùn tí yóò sì jí, kí ó tó wá di odindi ọjọ́.

Ìdágbére ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Nígbà tí mo mú àkọ́bí mi lọ, olùtọ́jú ní kí n yọ́ jáde bí ojú rẹ̀ bá ti wà lára bọ́ọ̀lù, mo sì gbọ́ tirẹ̀. N kò gbọ́ ẹkún kankan títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, inú mi sì dùn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bí mo bá dìde láti lọ wẹ̀, yóò dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Bí oorun bá ń kùn ún, yóò fi agídí la ojú rẹ̀. Ohun tí ó kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ìyá lè pòórá nígbàkígbà tí òun bá wo ibòmíràn, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe déédéé, kí ẹ sọ gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́, irú bí: “Bí o bá jẹun, tí o sùn, tí o jí, màmá á dé.” Ọmọ kò mọ aago mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó mọ oúnjẹ, ó sì mọ oorun. Ẹ fi í lé olùtọ́jú lọ́wọ́, kí ẹ lọ, kí ẹ má sì padà wá yọjú lójú fèrèsé. Bí ó bá ké, ẹ jẹ́ kí ó ké sí èjìká ẹni tó gbà á.

Ìró ìyá tí a kò tíì fọ̀ máa ń tu ọmọ nínú bí oorun bá dé, nítorí òórùn ara ìyá ṣì wà lára rẹ̀. Wàrà ọmú tí a fún sínú ìgò lè wà fún wákàtí 4 níbi tí ooru kò ti ju ìwọ̀n 25°C lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sán tiwa sábà máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

Ẹ tètè lọ mú un ní ìrọ̀lẹ́. Ó lè bú sẹ́kún bó bá rí yín, kódà bí ó ti ń ṣeré láti àárọ̀. Ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ má bá a wí. Ẹ má sì fi ibẹ̀ dẹ́rù bà á nílé pé àǹtí yóò nà án bí kò bá jẹun.

Bí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bá kọjá tí ẹkún kò dín, tí ọmọ ń rù, tàbí tí ẹ rí àpá tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ yà síbẹ̀ ní ọ̀sán láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ má sì lọ́ra láti mú un kúrò. Ẹkún tó padà lẹ́yìn ìsinmi Kérésì tàbí Iléyá, tàbí lẹ́yìn tí ibà dá ọmọ dúró sílé, yàtọ̀ sí èyí. Ẹ dá a padà sí ìdajì ọjọ́ fún bí ọjọ́ méjì, kí ẹ sì máa sọ gbólóhùn ìdágbére tí ó ti mọ̀ fún un.